Sẹ́nsọ̀ Tí Mo Sàmì Sí

Fún bí oṣù mẹ́jọ, iná kékeré kan ló ń darí ayé mi. Aláwọ̀ ọsàn ni, wọ́n ya ẹ́ńjìnnì sí i bí ẹni pé ọmọdé ló yà á, iwájú mi gan-an ló sì wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ mi. Tí mo bá jí láàárọ̀, kí n tó kí ìyàwó mi, mo ti ń ronú bóyá iná náà á tàn lónìí. Tí mo bá jókòó sínú ọkọ̀, tí mo yí kọ́kọ́rọ́, ojú mi kì í kúrò lára rẹ̀. Nígbà mìíràn á jẹ́ kí n dé Yaba ní àlàáfíà. Nígbà mìíràn, kí n tó jáde ládùúgbò wa ní Surulere, ó ti tàn. Ó rẹ̀ mí. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí n tó sọ ohunkóhun, kí ẹni tó ń ka èyí má rò pé mo fẹ́ fi ara mi ṣe akọni.

Èmi náà ni mo fọwọ́ ara mi fà á. Ọkọ̀ náà kò ní àìsàn kankan nígbà tí mo rà á, ó kàn ń rìn bí arúgbó tó ń ti ìsìn bọ̀ ni. Mo ní mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, mo gbé tòkunbọ̀ kan tó tóbi jù ú lọ sí i. Mo ní kí wọ́n gé páìpù èéfín tó bá ọkọ̀ náà dé, kí wọ́n jó òmíràn tó gbòòrò, kí wọ́n sì fi sàláńsà tó ń bú ramúramù sí i nídìí. Mo ti pé ọmọ ogójì ọdún nígbà yẹn, mo sì ti bí ọmọ méjì. Ìyàwó mi ní ohun tí àwọn ẹgbẹ́ mi ti ṣe parí nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ogún ọdún lèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó fi mí sílẹ̀.

Mẹkáníìkì tó ń bá mi tọ́jú ọkọ̀ kò sí lára àwọn tó bá mi yí i padà. Bàbá kan ni ní Mushin, ó ti lé lọ́mọ ọgọ́ta ọdún. Òun ló ń tún ọkọ̀ bàbá mi ṣe títí bàbá mi fi kú, èmi náà ò sì mọ ẹlòmíràn. Gbogbo àwọn tó wà nínú ọgbà mẹkáníìkì tó ti ń ṣiṣẹ́ ló ń pè é ní Bàbá, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ń pè é. Òun náà, "Ọmọ mi" ló máa ń pè mí. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí o bá gbé ọkọ̀ dé, á ní kí o tan án, á dúró tì í, á pa ojú dé, á máa gbọ́ ọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ tuntun-àtijọ́ yìí lọ hàn án, ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ẹ́ńjìnnì náà dáa, pé ẹni tó jó páìpù yẹn ni kò ní sùúrù. Mo rò pé ìlara ni, torí pé mi ò gbé iṣẹ́ náà fún un.

Oṣù kejì ni iná tàn. Mo ra ẹ̀rọ pélébé kan tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ sítíárìn láti fi ka ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Kóòdù kan ṣoṣo ló gbé wá: P0131. Mo wá a lórí fóònù. Sẹ́nsọ̀ ọ́síjìn ni wọ́n ní ó jẹ́. Ohun kékeré kan ni, kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ, ara páìpù èéfín ni wọ́n ń dè é mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo èéfín tó ń jáde, kó sì máa sọ fún ẹ́ńjìnnì bóyá afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ tàbí epo ló pọ̀ jù. Kóòdù yẹn túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ ni sẹ́nsọ̀ ń rí ṣáá. Èmi kà á sí pé sẹ́nsọ̀ ti bàjẹ́.

Wíwá àṣìṣe ni iṣẹ́ mi. Ilé iṣẹ́ kan ní Yaba, tó ń kọ ètò orí fóònù fún àwọn oníṣòwò, ni mo wà. Bí àwọn tó ń kọ ọ́ bá kọ ọ́ tán, èmi ni wọ́n máa ń gbé e fún kí n wá ibi tó ti máa ya. Mo ti ṣe é pẹ́ débi pé mo gbà pé kò sí ohun tó lè sá pamọ́ fún mi. Mo pa kóòdù náà rẹ́, iná kú. Lọ́jọ́ kẹta ó padà. Mo tún pa á rẹ́, ó tún padà. Mo wá gbé ọkọ̀ lọ sí Mushin lẹ́yìn iṣẹ́, ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Bàbá ní kí n tan án. Ó pa ojú dé, ó gbọ́ ọ títí, ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Mo fi kóòdù hàn án lórí fóònù mi, mo ní sẹ́nsọ̀ la máa pààrọ̀.

"Sẹ́nsọ̀ kàn ń sọ ohun tó rí ni," ó ní. "Jẹ́ ká wá ohun tó ń rí."

Mo ní kóòdù ti sọ ọ́, pé kí ló kù tí a tún ń wá. Ó wò mí, ó ní kò burú, kí n ra sẹ́nsọ̀ wá.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní ọkọ̀ ní ìlú yìí mọ̀ pé a kì í kó ẹ̀yà ọkọ̀ tuntun fún mẹkáníìkì láìsàmì sí i. Àwọn kan máa ń fi ìṣó ha á lára. Àwọn mìíràn á fi bírò kọ lẹ́tà kan sí abẹ́ rẹ̀. Bàbá mi, tó fẹ́ràn ọkùnrin yìí bí àbúrò, òwú pupa ló máa ń so mọ́ ìdí báàtìrì rẹ̀, tí á sì tún máa rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọkùnrin náà bó ṣe ń so ó. Kì í ṣe pé a ní àwọn mẹkáníìkì sínú. Ó kàn jẹ́ pé ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Gbogbo wa la mọ ẹnì kan tó ra ọjà tuntun fún mẹkáníìkì, tó jẹ́ pé ògbólógbòó ló bá lára ọkọ̀ rẹ̀. Èmi mú kútẹ́ẹ̀sì pupa tí ìyàwó mi fi ń kun èékánná, mo kán an sí ẹ̀gbẹ́ sẹ́nsọ̀ náà ní ojú méjì. Mo fẹ́ ẹ títí ó fi gbẹ. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n.

Ọjọ́ Jimọ́ ni Bàbá bá mi dè é. Ó tú ti àtijọ́ kúrò, ó fẹ́ mú tuntun, ni wọ́n pe ìrun. Ó fọwọ́, ó ní kí n máa bọ̀, ó lọ sí mọ́ṣáláṣí. Èmi náà lọ jẹ ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Nígbà tí mo padà, ó ti dé ṣáájú mi, ó ti de sẹ́nsọ̀ náà, ó ń nu ọwọ́. Mo fura díẹ̀, mo sì gbé e kúrò lọ́kàn. Iná kú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi wakọ̀ bí ènìyàn. Lọ́jọ́ kẹwàá, láàárọ̀, kí n tó jáde ládùúgbò, ó tàn.

Mo padà sọ́dọ̀ Bàbá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó tún gbọ́ ọ, ó gbọn orí. Ó ní ọkọ̀ yìí, ìgbà tó bá ti gbóná ni mo máa ń gbé e wá. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ kó sùn sọ́dọ̀ òun, kí òun tan án ní ìdájí tí gbogbo irin rẹ̀ ṣì tutù. Mo ní mo nílò ọkọ̀ lọ́la. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún sọ ọ́. Mo tún wá àwáwí. Nígbà kẹta tó sọ ọ́, mo wo ojú rẹ̀ dáadáa, mo sì bi ara mi léèrè pé kí ló fẹ́ fi ọkọ̀ mi ṣe lóru. Kò sí ará Èkó tó máa ń fi ọkọ̀ sùn sọ́dọ̀ mẹkáníìkì àfi tó bá di dandan. Tó o bá fi í sùn, o ò mọ èyí tó máa jí pẹ̀lú rẹ nínú ẹ̀yà ara rẹ̀.

Ni mo bá wá ọ̀dọ́kùnrin kan ní Surulere, ẹni tó ń fi lápútọ́ọ̀pù tún ọkọ̀ ṣe. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́ ju pálọ̀ mi lọ. Wọ́n gbé àga fún mi, wọ́n tan fáànù sí mi. Ó so wáyà mọ́ ọkọ̀, ìlà aláwọ̀ oríṣiríṣi ń sáré lójú lápútọ́ọ̀pù rẹ̀, ó ní sẹ́nsọ̀ ni. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú u, ó gbé e lé ọwọ́ mi. Ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Kò sí pupa kankan lára rẹ̀.

Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú pé tuntun ni wọ́n fi sí i fún mi. Mo sọ ọ̀rọ̀ kútẹ́ẹ̀sì fún un. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ ò rí i pé wọ́n ti rẹ́ yín jẹ." Gbogbo bí Bàbá ṣe ń bẹ̀ mí pé kí n fi ọkọ̀ sùn sọ́dọ̀ òun ló padà sí mi lọ́kàn, pẹ̀lú àkókò ìrun Jimọ́ yẹn, àti bó ṣe ń nu ọwọ́ nígbà tí mo padà dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni mo lọ, torí pé mo mọ̀ pé ọjọ́ Sátidé ni èrò máa ń pọ̀ lọ́gbà. Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn oníbàárà Bàbá mẹ́rin wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó ní jíìpù aláwọ̀ eérú tí wọ́n de irin ẹrù mọ́ òrùlé rẹ̀, ìyá kan tó ń ta aṣọ, àti àwọn méjì mìíràn tí mo kàn máa ń bá pàdé níbẹ̀. Bàbá ń rẹ́rìn-ín nígbà tó rí mi. Mi ò kí i.

"Bàbá, níbo lẹ gbé sẹ́nsọ̀ tí mo rà sí?"

Ó kọ́kọ́ rò pé mo ń ṣeré. Ó ní ara ọkọ̀ mi ló wà. Mo fa ohun dúdú yẹn yọ láti inú ọ̀rá, mo gbé e sókè kí gbogbo èrò lè rí i. Mo ṣàlàyé àmì. Mo ṣe é bí mo ṣe máa ń ṣe é níbi iṣẹ́ nígbà tí mo bá rí àṣìṣe ẹlòmíràn, ní ẹsẹẹsẹ, láìgbóhùn sókè, kí ó lè dùn ún. Mo ní mo sàmì sí i, mo gbé e fún un, mo jáde, mo padà dé, ó ti dè é, àmì kò sì sí mọ́. Mo bi àwọn tó dúró pé kí ni wọ́n fẹ́ pe ìyẹn.

Alága ọgbà náà dé. Ó kéré sí Bàbá lọ́jọ́ orí, ojú ń tì í láti dá ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí àríyànjiyàn lè tán, ṣé Bàbá lè fi Kùránì búra pé òun ò mú un. Ó gbà pé ọ̀nà àbáyọ ni òun ṣí sílẹ̀ fún un. Gbogbo wa yíjú sí Bàbá.

"Mi ò ní torí irin búra," ó ní. "Ẹni tó mọ̀ mí, mọ̀ mí."

Alága tún bẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀. Lójú tèmi, ẹjọ́ ti tán nìyẹn, torí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í sá fún ìbúra. Ọkùnrin oníjíìpù yẹn na ọwọ́ sí ògiri níbi tí Bàbá máa ń fi kọ́kọ́rọ́ oníbàárà kọ́, ó mú tirẹ̀. Ó ní òun á padà wá. Ìyá aláṣọ náà ní òun ò ní dúró mọ́ lónìí. Bàbá yà fún wọn kí wọ́n lè rí ọ̀nà yí ọkọ̀ padà. Kí n tó lọ, ó wò mí, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ máa lọ dáadáa." Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Mi ò ní purọ́, inú mi dùn. Ó dùn títí mo fi dé ìkóríta, lẹ́yìn náà mo kàn rí i pé orí ń fọ́ mi.

Mo ra sẹ́nsọ̀ mìíràn. Kútẹ́ẹ̀sì yẹn náà ni mo tún kán sí i lára, ní ojú mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan yìí. Mo gbé e fún ọ̀dọ́kùnrin tó ní lápútọ́ọ̀pù, mo lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ó fi dè é tán. Mi ò dìde láti tọ̀ pàápàá. Iná kú. Mo sọ fún gbogbo ènìyàn níbi iṣẹ́ bí mo ṣe mú olè. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá pẹ̀lú ọjọ́ díẹ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́rú kan, mo yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ bú, mo sún un jáde ní géètì. Iná tàn.

Mo jókòó sínú ọkọ̀ níbẹ̀, mo fi orí lé sítíárìn. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi ń fun fèrè. Mi ò ní agbára láti bú u.

Mo gbé e lọ tààrà sí ṣọ́ọ̀bù tó mọ́ yẹn. Ọ̀dọ́kùnrin náà wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú sẹ́nsọ̀. Mi ò dúró kó tutù, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jó mi níka méjì. Mo sọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo tún fi aṣọ gbé e, mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, mo sì mọ ohun tí n ó rí kí n tó rí i. Ó dúdú láti òkè délẹ̀. Kò sí pupa. Mo wo ọ̀dọ́kùnrin náà, òun náà ń wò mí. Èmi ni mo wà níbẹ̀ nígbà tó dè é. Kò sí ẹni tí mo lè nàka sí.

Nílé, mo gbé ìgò kútẹ́ẹ̀sì náà sórí tábìlì, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi. Ó gbọ́ ọ tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Èyí tí n kì í gbé sún mọ́ sítóòfù kó má baà gbiná," ó ní, "lo fi kun ara sàláńsà?"

Mo ní ara páìpù ni, kì í ṣe sàláńsà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé Bàbá ńkọ́. Mo ní màá lọ bá a. Ó ní ìgbà wo. Mo wọ yàrá lọ.

Ọjọ́ mẹ́fà ló gbà mí kí n tó lè lọ. Ojú tì mí, ìyẹn ni òdodo ọ̀rọ̀, ìtìjú sì máa ń mú ènìyàn wá iṣẹ́ ṣe. Ní ọjọ́ mẹ́fà yẹn mo fọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ka gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn kọ nípa P0131. Níkẹyìn mo dé ọgbà náà. Ibi tí Bàbá máa ń dúró sí ti ṣófo, àpótí onígi tó ń kó sípánà rẹ̀ sí kò sí níbẹ̀. Alága ní láti ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Sátidé yẹn ló ti ń jókòó sílé. Ó ní kò sí ẹni tó lé e. Àwọn oníbàárà kò bá a jà. Wọn ò kàn wá mọ́ ni.

Mo ní kí Alága pe àwọn èèyàn jọ. Mo dúró láàárín wọn, mo ní irọ́ ni mo pa mọ́ Bàbá, mo ṣàlàyé bí ooru páìpù ṣe jó àmì dànù. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní kí Ọlọ́run dárí jì wá. Oníkálukú padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan lára wọn, tó wà lábẹ́ ọkọ̀ kan, ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́ pé Bàbá ò lè mú un. Mo bi í pé kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní ta ló bi àwọn.

Mo rìn dé ilé Bàbá, kò jìnnà síbẹ̀. Lórí bẹ́ǹṣì ní ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí, ó gbé rédíò sí itan. Ìyàwó rẹ̀ bù mí lómi. Kò fajú ro sí mi, ìyẹn sì dùn mí ju pé kó lù mí lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì. Bàbá kò tètè ní kí n dìde. Mo gbọ́ tí ẹni tó ń ka ìròyìn nínú rédíò parí ọ̀kan, tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Mo sọ ohun tí mo wá sọ lórí ìdọ̀bálẹ̀ náà, mo dojú kọ ilẹ̀.

"Iná yẹn ti kú?" ó ní.

Mo ní rárá.

"Dìde. Lọ gbé e wá kó sùn."

Mo gbé ọkọ̀ síwájú ilé rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo fún un ní kọ́kọ́rọ́, mo wọ kẹ̀kẹ́ padà sílé. Lẹ́yìn ìrun àárọ̀ mo ti dé. Kò tíì tan án. Ó ní òun ń retí mi, kí n lè fi ojú ara mi rí i. Ó ti po ọṣẹ mọ́ omi nínú abọ́ kan. Ó dà á sí ibi tí wọ́n ti jó páìpù mẹ́rin pọ̀ di ọ̀kan, lókè ibi tí sẹ́nsọ̀ wà díẹ̀, ó sì ní kí n tan ọkọ̀. Bí ọkọ̀ ṣe bú ni omi ọṣẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí hó yọ̀ọ̀, ní ojú kan tóóró tí kò gùn ju èékánná lọ. Mo tẹ̀ ba, mo ń wò ó. Ó ní bí èéfín ṣe ń gba ibẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ìta ń gba ibẹ̀ wọlé. Sẹ́nsọ̀ rí afẹ́fẹ́, ó sì sọ pé òun rí afẹ́fẹ́. Kí iṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, irin náà ti gbóná, ó ti wú, ojú ibẹ̀ ti pa dé. Omi ọṣẹ dákẹ́. Nírọ̀lẹ́, nígbà tí mo máa ń gbé e wá, kò sí nǹkan kan láti gbọ́.

Ó tẹ̀ lé mi lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń jó irin ládùúgbò rẹ̀, ó dúró tì í títí ó fi ha ibẹ̀ mọ́, tó tún un jó. Sẹ́nsọ̀ àtijọ́ tí Bàbá kọ́kọ́ tú, èyí tí mo rò pé ó ti bàjẹ́, náà la dè padà. Láti ọjọ́ yẹn iná náà kò tíì tàn mọ́.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó padà sí ọgbà. Mo ní mo ti sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo wọn, kò sí ẹni tí kò mọ òótọ́ mọ́. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mi, ó tún tì í, bí ẹni tó ń wá ohun tí yóò fi ọwọ́ ṣe.

"Àwọn ará ọgbà ò gbé ọkọ̀ fún mi tún ṣe rí," ó ní. "Àwọn mẹ́rin tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ ni wọ́n ń gbé e wá. Àwọn náà ti sọ fún ẹlòmíràn. Ṣé o mọ ilé wọn?"

Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ní màá wá wọn rí.

Ó gba oṣù kan àti ààbọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo lọ jíṣẹ́ kan fún ilé iṣẹ́ wa ní Ìlúpéjú, mo rí jíìpù aláwọ̀ eérú tí wọ́n de irin mọ́ òrùlé rẹ̀, wọ́n gbé e sí iwájú ilé ìkẹ́rùsí kan. Mo dúró tì í nínú oòrùn títí ọkùnrin náà fi jáde. Mo kí i, mo bi í bóyá ó rántí mi. Kò rántí. Mo ní mẹkáníìkì kan wà ní Mushin, bàbá àgbàlagbà kan.

"Bàbá tó ń jí sẹ́nsọ̀ yẹn?"

Mo ní kò jí i. Mo ní èmi ni mo ni sẹ́nsọ̀ náà, èmi ni mo fẹ̀sùn kàn án lọ́jọ́ yẹn, àṣìṣe mi ni. Mo ṣàlàyé kútẹ́ẹ̀sì, mo ṣàlàyé bí ooru ṣe jó o, mo sọ ti omi ọṣẹ. Ó ń mi orí sí mi, ọwọ́ rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn jíìpù, ó sì fi sùúrù gbọ́ mi dé ìparí. Ó ní ó dáa, ó ṣeun, Ọlọ́run á tọ́ wa sọ́nà. Ó ní òun ti rí mẹkáníìkì mìíràn tipẹ́. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó tún yí gíláàsì sílẹ̀.

"Síbẹ̀ náà, ẹ máa ṣọ́ wọn o," ó ní. "Ẹ máa sàmì sí nǹkan yín."

Mo ya ilé Bàbá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí mo ṣe máa ń yà níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ báyìí. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá. A jókòó, a sọ̀rọ̀ nípa òjò, a sọ̀rọ̀ nípa epo. Nígbà tí mo dìde pé mo fẹ́ máa lọ, Bàbá bi mí, láìwo ojú mi, bóyá mo ti rí ẹnì kankan nínú àwọn mẹ́rin náà.

Mo ní mi ò tíì rí ẹnì kankan.